Ìyá Abẹ àti Ewéko Ajẹṣinṣin

Obìnrin tó ń gẹrun fún ọkùnrin kò wọ́pọ̀ nígbà tí Ìyá Abẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn onígbàjámọ̀ tó kù ní òpópónà náà rẹ́rìn-ín débi pé ikùn ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ta ni orí rẹ̀ dàrú tó máa na ọrùn fún obìnrin tó mú abẹ lọ́wọ́? Ó dá wọn lóhùn pé ẹni tó bá ti ṣẹ obìnrin ni kó máa bẹ̀rù, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ wọlé wá jókòó. Ẹni kan wọlé, ẹlòmíì tẹ̀ lé e, nígbà tó yá àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gan-an ń rán ọmọ wọn sí i, torí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, abẹ rẹ̀ kì í sì í géni. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè. Ọkọ kú, àwọn ọmọ ṣì kéré, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Abẹ yẹn náà ló fi tọ́ wọn.

Ìjà tọkọtaya ló gbé ewéko náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà gbé ike kan tí ewéko wà nínú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní ìyàwó òun ti sọ ọ́ lójú abẹ níkòó, pé kí òun mú ọ̀kan, yálà òun ìyàwó tàbí ewé tó ń jẹran.

“O sì mú ìyàwó?” ni Ìyá Abẹ bi í.

“Ìyá, ewé kò lè bá mi fọ aṣọ.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìyá Abẹ ti sún mọ́ ike náà, ó ń wò ó. Ewé rẹ̀ gùn, ó ń dán. Ní ṣóńṣó ewé kọ̀ọ̀kan ni okùn tín-ín-rín kan ti yọ jáde, ife kan sì so rọ̀ sí ìdí okùn yẹn, ife aláwọ̀ ewé tó ní tóótòòtó pupa lára, tó ní ìdérí tirẹ̀, tí omi wà nínú rẹ̀. Ètè ife náà ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ́wọ́, eṣinṣin kan bà lé e, ó ń lá adùn tó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó jìn sínú omi. Ó gbéra, ó tún yọ̀, ó parí. Omi inú ife náà ni yóò máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ikùn ṣe ń lọ oúnjẹ.

“Omi òjò nìkan ni kí ẹ máa fún un,” ni ọkùnrin náà wí. “Iyọ̀ àti oògùn tó wà nínú omi ẹ̀rọ á pa á. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ló bá a lára mu. Ẹ má da omi inú ife rẹ̀ nù. Ẹ má sì fún un lẹ́ran jẹ o, ó mọ bó ṣe ń wá tirẹ̀.”

“Ẹni tó mọ bó ṣe ń wá tirẹ̀ ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí,” ni Ìyá Abẹ wí, ó sì gbà á.

Ó gbé e sí fàráńdà òkè, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń dé. Ó ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan síbẹ̀ kí oòrùn ọ̀sán má baà jó o. Nítorí bí ewéko náà ṣe ń gbé eṣinṣin mì lọ́dún yẹn, ó sọ ọ́ ní Wọ̀bìà. Nígbà tó yá, ó gé ẹ̀ka kan lára rẹ̀, ó rì í sínú háhá èèpo àgbọn tí a po mọ́ èédú, ẹ̀ka náà sì ta gbòǹgbò. Ìyẹn di Ọmọ Wọ̀bìà. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ ó rí Ìyá Abẹ tí yóò fi oníbàárà sílẹ̀ lórí àga, orí ìlàjì gígẹ̀, ìlàjì àìgẹ̀, tí yóò sá lọ sókè lọ gbé garawa síta. Baba Oníbàtà tó ń tún bàtà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ a máa pariwo pé, “Ìyá Abẹ, ẹ bá mi bẹ Wọ̀bìà kó wá gbé àwọn tó ń yẹ àdéhùn lórí bàtà mì fún mi!” Ìyá Abẹ á ní, “Ìwọ tó ń yẹ àdéhùn lójoojúmọ́ yìí, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ gbé mì.”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí apá òsì Ìyá Abẹ kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò gbéra mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ yà kí i kó tó lọ síbi iṣẹ́ ló bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fàráńdà, garawa ti dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi òjò ti rin ín gbindingbindin. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n gbé e dé ọsíbítù, Ọlọ́run yọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ilé ọmọ rẹ̀ ni ọkọ̀ gbé e lọ. Kọ́ńgílá ni ọmọ yìí, ilé ni wọ́n ń gbé fún un kọ́, ó ti mọ́ ọn lára pé bó bá nawọ́ síbì kan, ibẹ̀ ni bíríkì ń lọ. Ilé rẹ̀ tutù, ó mọ́ tónítóní. Ìyàwó rẹ̀ kò sì ṣe ibi. Wọ́n ń wẹ̀ fún Ìyá Abẹ, wọ́n ń gé oúnjẹ rẹ̀ wẹ́wẹ́, bó bá sì ti fẹ́ dìde, orin kan ṣoṣo ló ń gbọ́: “Ẹ jókòó, Màmá.” Bó bá fẹ́ ti fèrèsé, ẹ jókòó, Màmá. Bó bá fẹ́ ṣa abọ́, ẹ jókòó, Màmá. Ó jókòó títí tí ìdí fi ń dùn ún ju apá tó kú lọ. Fóòmù rírọ̀ kan tí nọ́ọ̀sì ní kó máa fi ọwọ́ òsì fún pọ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fún un láràárọ̀, ó ń fún un lálẹ́, títí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn díẹ̀, tí ẹsẹ̀ náà sì ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà tó bá mú ọ̀pá dání.

“Àwọn ewéko mi ńkọ́?” ni yóò bi ọmọ rẹ̀ láràárọ̀.

“Wọ́n wà níbẹ̀, Màmá.”

“Ta ló ń fún wọn lómi? Omi òjò ni wọ́n ń mu o.”

“A ti ṣètò ẹ̀, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ó fọkàn balẹ̀. Àfìgbà tí Baba Oníbàtà pè é lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

“Ìyá Abẹ, ẹ ò tilẹ̀ wá dágbére fún èèyàn. Pẹ̀lú bí a ṣe ti jọ wà pẹ́ tó.”

“Dágbére kí n lọ síbo?”

“Ọmọ yín ní ẹ ti kó dé ọ̀dọ̀ òun pátápátá. Wọ́n ti tú dígí ṣọ́ọ̀bù yín. Àwọn akunlé ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní ayálégbé ti wà nílẹ̀. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?”

“Wọ̀bìà ńkọ́?”

“Ó wà lẹ́yìnkùlé, Ìyá. Níbi tí wọ́n ń da pàǹtí sí.”

Ìyá Abẹ kò sunkún, kò sì pariwo. Ó fi fóònù sínú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà. Bàtà ọ̀tún kò ní wàhálà. Ti òsì bá a jà títí òógùn fi bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá a lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá, níbo lẹ ń lọ?”

“Ilé.”

“Ilé wo, Màmá? Ilé náà nìyí.”

“Ilé mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí ọmọ yín dé. Ẹ jókòó, Màmá.”

“Ọmọ mi kọ́ ló bí mi. Ìyàwó, ṣé wàá fi okùn dè mí ni?”

Ìyàwó ọmọ náà wò ó, omi lé ròrò sí i lójú. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí Ìyá Abẹ dé ojú títì, ó rí i pé ìyàwó náà ti sáré gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá, òun ló na ọwọ́ dá takisí dúró. “Ẹ má sọ pé èmi ni o,” ló wí, ó sì sá padà wọlé.

Àgádágodo tuntun ńlá kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Ìyá Abẹ, ó ń dán bí eyín wúrà. Baba Oníbàtà jáde, abẹ́rẹ́ tó fi ń rán bàtà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kí i, ó ń ṣe é ní pẹ̀lẹ́, ó ní ẹ jẹ́ ká pe ọmọ yín kó mú kọ́kọ́rọ́ wá.

“Èmi? Kí n tọrọ kọ́kọ́rọ́ ilé mi lọ́wọ́ ẹni tí mo fún lọ́mú? Bá mi pe jórinjórin.”

Jórinjórin tó wà ní ìkóríta dé pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí àgádágodo, ó fà sẹ́yìn. “Ìyá, ẹ má bínú. Kọ́ńgílá ló ń gbéṣẹ́ fún mi. Bó bá gbọ́ pé èmi ni mo gé e, ẹnu mi gbẹ nìyẹn.”

“Ta ló gẹ orí rẹ lọ́jọ́ tí o gbéyàwó?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ta ló ni ilé yìí?”

“Ẹ̀yin ni, Ìyá.”

“Gé e.”

Iná ta yẹ́ríyẹ́rí, àgádágodo já bọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Abẹ kò gun òkè. Ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ lọ, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà láàárín agolo àti páálí.

Ike Wọ̀bìà ti fọ́ sí méjì. Oòrùn ti jó ewé rẹ̀, gbogbo ife rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìwé àtijọ́. Ọmọ Wọ̀bìà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lábẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì kan, ẹnì kan sì ti da omi ọṣẹ lé e lórí. Ìyá Abẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, nínú pàǹtí, pẹ̀lú aṣọ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ̀ fún un láàárọ̀.

“Lọ bá mi mú abẹ wá,” ló sọ fún Baba Oníbàtà. “Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì, bí wọn ò bá tíì kó ìyẹn náà.”

Wọn kò tíì kó o. Ó fi orúnkún méjèèjì mú ìdí Wọ̀bìà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gé e lókè. Ó dúdú nínú. Ó gé e sísàlẹ̀ díẹ̀, ó dúdú. Ó gé e títí ó fi kan gbòǹgbò, jíjẹrà ni gbogbo rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Baba Oníbàtà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá Abẹ mú Ọmọ Wọ̀bìà. Ó gé òkè, àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ. Ó gé àárín, àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tó gé e ní ìsàlẹ̀, tó kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, oje yọ, inú rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀.

“Ó wà láàyè,” ni Ìyá Abẹ wí. Ibẹ̀ ni omijé ti wá jáde, ó ń ṣàn, kò sì nù ún, torí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó mókun mú nǹkan dání.

Wọ́n rí omi òjò díẹ̀ nínú ìkòkò tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó fọ ọṣẹ kúrò ní gbòǹgbò rẹ̀, ó ní kí Baba Oníbàtà fọ́ èédú, kó ya háhá èèpo àgbọn wẹ́wẹ́. Ó gbin kùkùté náà, ó fi ọ̀rá funfun bò ó kí ọ̀rinrin má baà sá lọ. Ó ń gbé e gun òkè lọ́wọ́, àtẹ̀gùn kan, ìsinmi kan, nígbà tí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ já dé bí ìjì, tòun ti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ta oògùn ní ilé ìpoògùn kan.

“Ta ló gé àgádágodo mi?”

“Àgádágodo rẹ, ilẹ̀kùn mi,” ni Ìyá Abẹ wí láti orí àtẹ̀gùn, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n bá a wọ yàrá. Ọmọ rẹ̀ dúró sáàárín ilé, ó ń mí gúlegúle. “Nítorí ewé, Màmá? Ewé tó ń jẹ eṣinṣin? Ẹ sá jáde nílé bí ọlọ́ṣà nítorí ewé?”

“Ìwọ ló ń pè é ní ewé. Àràárọ̀ ni mo ń bi ọ́ léèrè rẹ̀. Àràárọ̀ lo ń wo ojú mi, tí ò ń sọ pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tó lè purọ́ fún mi lórí ewé, irú irọ́ wo ni yóò pa fún mi tó bá kan ilé?”

Ohùn ọmọ náà ti wálẹ̀. “Èmi ni mo bá yín nílẹ̀, Màmá. Ẹnu yín ti wọ́. Mo ń pè yín, ẹ ń wò mí bí ẹni pé ẹ ò mọ̀ mí rí. Mo gbé yín sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, ẹ fúyẹ́, Màmá, ẹ fúyẹ́ bí aṣọ gbígbẹ. Láti ọjọ́ yẹn, bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá bá òkú yín níbí lọ́jọ́ mìíràn ni?”

Ìyá Abẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un rí. Ó wo ọmọ rẹ̀, ọkùnrin bàǹbà tí ewú ti ń yọ nírùngbọ̀n rẹ̀, ó sì rí ojú ọmọ tí iná kú mọ́ lórí nínú yàrá.

“O ṣeun tí o gbé mi,” ló wí. “Mi ò ní gbàgbé títí mo fi máa lọ. Ṣùgbọ́n pé o gbé mi dìde kò ní kí o wá mú mi mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ rẹ, mi ò ṣubú lóòótọ́, mi ò sì dìde. Tí mo bá máa ṣubú, jẹ́ n ṣubú nílé tí mo ti mọ gbogbo igun ẹ̀.”

“Kò ṣeé ṣe, Màmá.”

“Ó ti ṣe. Mo wà ńbí.”

Ọmọbìnrin rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú,” ló wí. “Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹni tó bí yín.” Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. “Màmá, ẹ ó máa so fóònù mọ́ ọrùn, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Màá so fóònù mọ́ ọrùn.”

“Ẹ ó jẹ́ kí ọmọbìnrin kan máa wá sun ọ̀dọ̀ yín?”

“Rárá.”

“Ẹ ó máa lo oògùn yín lásìkò?”

“Màá lò ó. Ìwọ ni kí o máa mú un wá, kí n lè máa rí ọ.”

Kọ́ńgílá sọ̀kalẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fi ìbínú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́. Kò wá mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sígbà náà ni jórinjórin fara hàn pẹ̀lú irin gígùn, ó ní wọ́n ní kí òun wá ṣe ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn méjèèjì. Ìyá Abẹ bi í pé ta ló rán an. Ó ní wọ́n ní kí òun má sọ. “Ṣe é kó lágbára,” ni Ìyá Abẹ wí.

Ṣọ́ọ̀bù ṣí. Wọ́n dá dígí padà. Ṣùgbọ́n nǹkan kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń fá irùngbọ̀n gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan na awọ ara kí èkejì máa fá a, ọwọ́ òsì Ìyá Abẹ kò sì lè na nǹkan kan mọ́. Ó pa fífá tì, kílípà nìkan ló ń lò. Àwọn oníbàárà kan sá. Àwọn kan dúró, wọ́n ń dẹ orí sílẹ̀ fún un, wọ́n ń yí ọrùn síbi tó bá ní kí wọ́n yí i sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wo dígí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìyá, ẹ̀gbẹ́ òsì yìí ga ju ọ̀tún lọ.” Ìyá Abẹ ní, “Bí wọ́n ṣe ń gẹ̀ ẹ́ lóde báyìí nìyẹn.” Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn méjì mìíràn ti wá ní kó gẹ irú ẹ̀ fún àwọn.

Kùkùté tó wà lókè kò ṣe nǹkan kan títí Baba Oníbàtà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá Abẹ kẹ́dùn. Ìyá Abẹ ń ṣí ọ̀rá láàárọ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó ń bu omi òjò sí ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀nba, ó ń dé e padà. Nígbà tó yá, nǹkan kan tó rí bí imú abẹ́rẹ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ewé. Ṣóńṣó ewé na okùn, ìdí okùn wú bí ìka ọmọdé, ó ṣì di ẹnu rẹ̀ pinpin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá Abẹ gòkè lọ jẹun, ìdérí rẹ̀ ti ṣí. Ife náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Èèrà kan ti wà nínú rẹ̀.

Ní ti Kọ́ńgílá, ìyàwó rẹ̀ ló fà á wá nígbẹ̀yìn. Ó dé, ó fọwọ́ mi irin àtẹ̀gùn bóyá ó le, ó jẹun, ó ní Màmá, ẹ tún ọ̀rọ̀ yìí rò. Láti ìgbà náà, Ìyá Abẹ ń lọ bá wọn jẹun ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n palẹ̀ abọ́ mọ́ kó tó tún gbé ẹjọ́ náà dé: yàrá ń bẹ, ilé tóbi, kí ni Màmá ń wá níbi tó dá wà. Ìyá Abẹ á gbọ́ ọ díẹ̀, torí ó mọ ibi tó ti ń wá. Bó bá ti tó o, á gbé báàgì rẹ̀, á ní ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á sì na ọ̀pá rẹ̀ sí takisí.